Ajá Ṣítù Kọ́ Ló Bu Ràfátù Jẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn ajá mi nínú ìwé ìròyìn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà mí lónìí. Ìtàn tòní kò ní pa yín lẹ́rìn-ín.

Ẹrù kan ti wà lọ́rùn mi láti ìgbà tí òmìnira ṣì jẹ́ tuntun. Mo fi í pamọ́ fún ìjọ, mo fi í pamọ́ fún àwọn ọmọ tí mo bí, mo sì fi í pamọ́ fún ẹ̀yin náà tí ẹ máa ń kí mi lọ́jà àti ní ibùdókọ̀ rélùwéè pé, "Bàbá Dókítà, ajá yín mà gbọ́n o!" Ìgbàkígbà tí ẹ bá kí mi bẹ́ẹ̀, n ó yí ojú kúrò.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nísinsìnyí ni pé ọwọ́ mi ti ń lọ. Ohun tí mo bá kọ ń kéré sí i ni, bí ipa ẹsẹ̀ èèrà. Ohùn mi pàápàá ti rẹlẹ̀ débi pé ìyàwó mi máa ń ní kí n tún un sọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí n kò bá sọ ọ́ lọ́dún yìí, ó lè má ṣeé sọ mọ́ lọ́dún tí ń bọ̀, bí mo tilẹ̀ fẹ́.

Dókítà ni mí. Mo ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àìsàn tí wọ́n ń pè ní Pákínsìn tó mú mi. Ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Dókítà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kò lè mú abẹ mọ́. Mo fẹ̀yìn tì ṣáájú àsìkò. Èmi àti ìyàwó mi, Ìyá Túnjí, tí ó jẹ́ tíṣà, padà sí abúlé bàbá mi lẹ́yìn Lálúpọn, níbi tí mo kọ́ ilé kékeré kan sí létí oko kòkó.

Ibẹ̀ ni mo ti ra Tanímọ̀la, ajá pupa tí àyà rẹ̀ funfun. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí n kò tíì ṣàlàyé tó fún yín ni ohun tí ó jẹ́ fún mi. Àìsàn yìí ní ìwà burúkú kan. Ènìyàn á máa rìn lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣàdédé lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ìṣó kàn án. Ó lè jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó lè jẹ́ láàárín títì. Bí Tanímọ̀la bá rí mi bẹ́ẹ̀, á wá dúró níwájú ẹsẹ̀ mi, á fara ti ojúgun mi. Bí mo bá ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ náà á gbéra. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. N kò lè ṣàlàyé rẹ̀, èmi tí mo kàwé ìṣègùn. Mo kàn mọ̀ pé bí kì í bá ṣe ti ajá yẹn, orí àga ni ǹ bá jókòó sí títí ikú.

Ẹ jọ̀ọ́, n kò sọ èyí láti fi dá ara mi láre. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ̀rù ń bà mí láti pàdánù ni.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, dìgbòlugi wọ agbègbè wa. Ajá tí kò lólówó kan bu ọkùnrin kan jẹ ní abúlé kejì. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà kò lè mu omi mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo ti rí irú rẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n inú ọsibítù ni, nọ́ọ̀sì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Inú yàrá òkùnkùn ni tibí. Bí wọ́n bá gbé ife omi sún mọ́ ọn, ọ̀fun rẹ̀ á há, á ranjú, á sì figbe ta. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, kò sí oògùn rẹ̀ láyé. Ìyá rẹ̀ ń di ẹsẹ̀ mi mú pé kí n ṣe nǹkan. N kò rí nǹkan kan ṣe. Láti ọjọ́ tí wọ́n sin ọkùnrin yẹn ni gbogbo abúlé ti ń wo ajá bí ẹni ń wo paramọ́lẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà, Tanímọ̀la wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ létí. Ajá mìíràn ló bù ú jẹ, mo rí ojú eyín rẹ̀. Ajá wo? N kò mọ̀. Mo wẹ egbò náà, mo sì sọ fún ìyàwó mi pé ẹ̀gún ló fa etí rẹ̀ ya. Láti ìgbà yẹn ni n kò ti sùn dáadáa mọ́. Bí ajá náà bá ti yán, n ó dìde lọ wo ẹnu rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá. Ní òwúrọ̀ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo gbọ́ igbe láti ọ̀nà odò. Mo ṣì ń gbìyànjú láti dìde nígbà tí Tanímọ̀la gba ẹ̀yìnkùlé sáré wọlé. Àkísà aṣọ kan wà lẹ́nu rẹ̀. Mo gbà á. Etí ìró àdìrẹ ni, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, n kò dúró ronú. Mo wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ilé ìdáná, mo ju àkísà náà sínú iná tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo ti ajá mọ́ yàrá ẹ̀yìn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ fi ń bọ́ sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé obìnrin náà dé. Ràfátù ni, ìyàwó Mùdáṣírù àgbẹ̀, ọmọdébìnrin tí kò tíì ju ọdún kan lọ nílé ọkọ. Oyún rẹ̀ ti ń hàn. Ọkọ rẹ̀ ló gbé e sẹ́yìn, ìdajì abúlé sì tẹ̀ lé wọn.

"Bàbá Dókítà, ẹ gbà wá! Ajá ti bu ìyàwó mi jẹ!"

Mo bi í léèrè pé, "Ajá wo ni?" Ohùn mi dà bí ohùn olè létí ara mi.

Ràfátù ló dáhùn. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Ajá pupa ni, Bàbá. Ẹ̀yìn ló gbà yọ sí mi. Ìrù rẹ̀ nìkan ni mo rí bó ṣe ń sá lọ."

Ẹnì kan láàárín èrò pariwo pé, "Ajá Ṣítù ni! Ajá Ṣítù ọdẹ! Òun ló pupa!"

Tèmi náà pupa. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fura sí ajá dókítà, tí kì í kúrò lẹ́sẹ̀ olówó rẹ̀? Ìyàwó mi nìkan ló wò yí ká. Ó ní, "Bàbá Túnjí, Tanímọ̀la dà?" Mo ní ó wà nínú yàrá. Kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Mo fi ọṣẹ àti omi wẹ ojú ọgbẹ́ náà títí. Ìyẹn ni mo ṣe dáadáa. Ohun tí ó yẹ kí n sọ tẹ̀ lé e ni pé kí wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní abẹ́rẹ́ inú ikùn tí wọ́n fi ń dènà dìgbòlugi. N kò sọ ọ́. Mo rò ó pé bí ọ̀rọ̀ bá dé Ìbàdàn, wolé-wolé á wá, á yẹ gbogbo ajá abúlé wò, á sì rí àpá tí ó wà létí Tanímọ̀la. Mo wá ń sọ fún ara mi pé n ó máa ṣọ́ ajá mi nínú yàrá. Bí ó bá ya dìgbòlugi, kò ní pẹ́ hàn, àyè á ṣì wà láti gba obìnrin náà là. Ó jọ ọgbọ́n ìṣègùn. Ojo lásán ni mo jẹ́.

Mo sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Mo ti wẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná."

Nígbà tí oòrùn ti ga, Baálẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ti so ajá Ṣítù mọ́ ìdí igi ọsàn níwájú ilé Baálẹ̀. Ọdẹ ni Ṣítù, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tí kì í bá ènìyàn jà. Òun ló máa ń ta ẹran ìgbẹ́ fún gbogbo wa. Bí ó ti rí mi ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá Dókítà, ẹ̀yin lẹ mọ ajá tó ya dìgbòlugi. Ẹ wo ojú rẹ̀. Inú igbó lèmi àti ẹ̀ wà mọ́jú. A ò tíì délé nígbà tí wọ́n bu ìyàwó Mùdáṣírù jẹ."

"Ta ló rí yín nínú igbó?" Mùdáṣírù ló bi í bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ọlọ́run ló rí wa."

Ṣítù bu omi sínú igbá, ó gbé e síwájú ajá náà. Ajá mu omi náà lójú gbogbo wa. Ó lá ìdí igbá. Ó tún lá ọwọ́ olówó rẹ̀.

Baálẹ̀ yíjú sí mi. "Dókítà, kí lẹ rí?"

Mo rí ajá tí ara rẹ̀ le. Mo rí ọkùnrin tí ń sọ òtítọ́. Gbogbo ojú wà lára mi. Bí mo bá sọ pé ajá yìí kọ́, ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e ni pé ajá wo wá ni.

"N kò lè fọwọ́ sọ̀yà," ni mo wí.

Gbólóhùn yẹn ló pa á. Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ṣítù, o gbọ́ o. Ìwọ lo ni ajá, ìwọ lo nìbọn. A ò ní jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan án."

Ṣítù wò mí. Ó tú okùn ajá náà, ó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká. Bí ajá ti rí ìbọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù, ó ṣíwájú rẹ̀, torí ó rò pé ìgbẹ́ ni wọ́n ń lọ. Wọ́n wọ inú kòkó lọ. A dúró. Nígbà tí ìbọn dún, àwọn ọmọdé sá wọlé. N kò lè kúrò lójú kan. Ẹsẹ̀ mi ti lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyàwó mi ló wá fi ọwọ́ mú mi lọ sílé.

Àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e, mo rò pé n ó ya wèrè. Láràárọ̀ n ó ṣí yàrá ẹ̀yìn, n ó gbé omi kalẹ̀, ìdajì rẹ̀ á ti dànù lọ́wọ́ mi kí n tó dé ibẹ̀. N ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, n ó máa wo ọ̀fun ajá náà bí ó ṣe ń gbé omi mì. Bí ó bá mu ún, mo rí ọjọ́ kan sí i nìyẹn. Lẹ́yìn náà n ó lọ jókòó síwájú ilé láti máa wo ilé Mùdáṣírù lókèèrè, bóyá n ó gbọ́ igbe. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà, n ó ti rò pé èmi ni wọ́n ń bọ̀ wá pè.

Ní òwúrọ̀ kan, mo gbé omi kalẹ̀, ajá náà kò mu ún. Ó sún mọ́ ọn, ó yí orí kúrò. Itọ́ ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ ha ẹnu, ó ń ké fínní-fínní. Mo mọ ohun tí mo rí. Mo mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ ní agbègbè yẹn.

Mo pinnu láti lọ bá Mùdáṣírù. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé mi, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo sọ fún ẹsẹ̀ pé kí ó gbéra, kò gbéra. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú, mo ń làágùn, mo sì mọ̀ pé bí mo ṣe dúró síbẹ̀ yẹn, nǹkan náà lè ti máa rìn nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdébìnrin yẹn àti oyún inú rẹ̀. Ajá tí ì bá wá dúró níwájú mi, mo ti tì í mọ́lé.

Bí ìyàwó mi ṣe bá mi nìyẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní ìdúró: egbò etí, àkísà, iná, ajá Ṣítù.

Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá Túnjí, ẹ wojú mi. Ṣé ẹ mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pa ajá yẹn?"

"Mo mọ̀."

Ó wá ní, "Èmi á mú Ràfátù lọ sí Ìbàdàn nísinsìnyí. Màá sọ pé ẹ̀yin lẹ ní ká lọ. Ohun tó bá kù, ọwọ́ yín ló wà."

Ó ta gèlè, ó lọ. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n wọ rélùwéè láti Lálúpọn.

Ó wá ku èmi àti ajá náà. N kò lè dúró dè é kí ó kú kí n tó mọ̀. Mo wọ ìbọ̀wọ́ àtijọ́ tí mo fi ń ṣiṣẹ́, mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé bí eyín rẹ̀ bá ha mí, ó lè jẹ́ pé ikú ọkùnrin abúlé kejì ni èmi náà yóò kú. Mo jókòó nílẹ̀. Tanímọ̀la wá gbé orí lé itan mi. Mo fi ọwọ́ kan la ẹnu rẹ̀, mo ti èkejì bọ inú, ọwọ́ tí ń gbọ̀n, ọwọ́ tí wọ́n ti ní kí ó má kan aláìsàn mọ́. Lẹ́bàá èrìgì lẹ́yìn, ìka mi kan nǹkan líle. Eegun ni. Eegun adìẹ tí ó há sáàárín eyín, tí ẹran ibẹ̀ sì ti wú. Mo fà á, ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo tún fà á. Ajá náà ké, ṣùgbọ́n kò bù mí jẹ. Nígbà tí eegun náà jáde, ó lọ tààrà sídìí omi, ó mu ún tán.

Mo sunkún ayọ̀. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Bí ajá mi kò bá ya dìgbòlugi, kí ni mo wá pa ajá Ṣítù fún?

Abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe ohun eré. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gún Ràfátù níkùn, pẹ̀lú oyún, títí ọ̀sẹ̀ kejì fi pé. Àwọn dókítà ní kò dára kí wọ́n dá a dúró lágbede méjì, torí ajá tí wọ́n ní ó bù ú jẹ ti kú, kò ṣeé ṣọ́ mọ́. Èmi mọ̀ pé ajá tó bù ú jẹ wà láàyè, kò sì ya dìgbòlugi. N kò ránṣẹ́. Nígbà tí ó bí ọmọ rẹ̀ láyọ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ gbé àkùkọ kan wá fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbà á. A pa á, mo sì jẹ nínú rẹ̀. Ìyàwó mi kò jẹ.

Ní ti Ṣítù, kò sẹ́ni tó ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ajá dìgbòlugi ló fi ń dẹ̀gbẹ́, ta ló mọ ohun tó wà lára ẹran rẹ̀? Kí òjò tó dé ni ó di ẹrù rẹ̀. Ó wá dágbére fún mi. Tanímọ̀la lọ bá a, Ṣítù sì fi ọwọ́ pa á lórí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó ní, "Ẹ máa tọ́jú tiyín o, Bàbá Dókítà. Ẹ má jẹ́ kó máa jẹ̀ káàkiri."

Mo ní, "Ó dàbọ̀."

Tanímọ̀la gbó, ó sì kú sórí ẹní rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìyàwó mi ní kí n máa kọ ìwé díẹ̀díẹ̀ kí ọwọ́ mi má bàa gan. Tanímọ̀la ni mo ń kọ nípa rẹ̀, torí òun ni mo ń rò. Olóòtú ìwé ìròyìn yìí rí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ̀yin fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí tí mo kọ nípa ọdún dìgbòlugi, tí mo ní ajá ọdẹ kan bu aboyún jẹ ní abúlé wa tí wọ́n sì pa á. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni bí mo ṣe ń kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí ó jáde, ìyàwó mi ká ìwé ìròyìn náà, ó gbé e sórí tábìlì níwájú mi, ó sì lọ sí sọ́ọ̀ṣì láìdúró dè mí.

Ní oṣù tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń ra kòkó yà nílé mi. Apá Ọ̀nà-Ara ló ti ń bọ̀. Ó ní bàbá àgbàlagbà kan ń kí mi níbẹ̀, ó ń jẹ́ Ṣítù, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló máa ń ka ìtàn ajá mi fún un.

Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín. "Ó ní kí n sọ fún yín pé ajá tòun náà gbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an, kó tó di pé dìgbòlugi mú un."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Ṣítù gbà á gbọ́. Òun tí ó wà nínú igbó pẹ̀lú ajá náà mọ́jú, òun tí ó fún un lómi, ó ti gbà pé ajá òun ya dìgbòlugi, nítorí pé dókítà kò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Mo ti pinnu láti lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi á bá mi lọ. Olóòtú ní ìwé ìròyìn kì í tètè dé ọ̀hún, nítorí náà ó yẹ kí n débẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó ka èyí sí i létí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe ọlọ́pàá ni mo ń bẹ̀rù, kì í sì í ṣe ìtìjú, mo ti dàgbà kọjá ìyẹn. Ràfátù, ọmọ mi, ìwọ náà dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á rò. Mo lè ṣàlàyé fún Ṣítù ìdí tí mo fi purọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá bi mí pé kí ló dé tí mo fi jẹ́ kí òun fúnra òun yìnbọn náà, kí ni kí n sọ?